Òde Alẹ́ Òpin Ọ̀sẹ̀ Ní Èkó

Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ń múra òde alẹ́ ní Èkó, ìbéèrè tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, “Níbo là ń lọ?” Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé, “Báwo la ó ṣe padà sílé?” Ọ̀sà ló pín ìlú yìí sí méjì. Ọ̀nà tó dí pa ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lè dá páropáro tó bá di aago kan òru, ewu tó wà nínú dídí rẹ̀ sì yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú dídá rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì mọ ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kò tíì ṣètò òde kankan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ orí yìí láti ìparí alẹ́. Ẹ mú wákàtí tí ẹ fẹ́ délé, ẹ mú ẹni tí yóò wakọ̀ tàbí irú ọkọ̀ tí ẹ ó pè, ẹ ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá máa sọ̀rọ̀ sùúyà àti orin.

Owó àbọ̀ yẹn, ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ owó ìnáwó. Iye tí Bolt àti Uber ń gbà a máa lọ sókè lóru, pàápàá bí òjò bá ń rọ̀, tàbí bí ilé ijó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ túká tí gbogbo èèyàn ń pe ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tí ẹ ń gbé àdúgbò kan, ẹ dá owó ọkọ̀ jọ kí ẹ tó jáde, kó sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í mutí. Ọ̀pọ̀ ọmọlúàbí ni ilẹ̀ ti ṣú mọ́ lẹ́bàá títì nítorí pé ìgò ọtí tó kẹ́yìn ló gbé owó ọkọ̀ wọn lọ.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ sùn sí ìtòsí ibi tí ẹ ti ṣe fàájì. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó fẹ́ lo alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ní Lẹ́kí yóò gbádùn rẹ̀ dáadáa bó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀ tó lè gbà á sílé di òwúrọ̀. Kí ó ti pè wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀. Kò yẹ kí èèyàn máa kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ní aago méjì òru.

Ẹ mú ẹ̀gbẹ́ omi kan

Ohun tó ń ba òde jẹ́ jù lọ ní Èkó ni kí èèyàn fẹ́ jẹun ní Ìkẹjà, kó fẹ́ wo eré ní Victoria Island, kó tún fẹ́ padà wá jó ní Sùúrùlérè. Afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990 gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 12. Bí ọ̀nà bá já gaara, kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ fi ń là á kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ti Erékùṣù padà sílé, sún kẹrẹ fà kẹrẹ orí rẹ̀ lè gba gbogbo adùn alẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ mú ẹ̀gbẹ́ omi kan, kí ẹ sì dúró síbẹ̀. Òde lè ní oríṣiríṣi láìjẹ́ pé ibi tí ẹ ń lọ jìnnà síra. Kí ojú rí nǹkan wò, kí ikùn rí nǹkan jẹ, kí etí rí nǹkan gbọ́, kí gbogbo rẹ̀ má ju ibi mẹ́ta lọ, kí ibì kan sí èkejì má sì ju ìrìn ọkọ̀ ráńpẹ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Mówé, Ìbafò, Arẹ́pò tàbí Ìbàdàn bọ̀, ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó fi ọjọ́ sí i. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Ìjọ Ìràpadà máa ń ṣe ìsìn Holy Ghost ní Redemption City, èrò tó ń lọ síbẹ̀ sì lè kún ojú ọ̀nà Màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn bámúbámú. Ẹ fi òde yín sí ọ̀sẹ̀ mìíràn, tàbí kí ẹ ti wọ Èkó kó tó di ọ̀sán.

Ọkọ̀ ojú irin náà ti wà fún àlọ. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ti Blue Line ti ń gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina, ó sì ní ibùdókọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn National Theatre ní Ìgànmú. Ti Red Line tẹ̀lé e ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, láti Agbádo dé Oyíngbò, ó sì ń dúró ní Ìkẹjà. Káàdì Cowry ni wọ́n ń lò, kò sì sí hólíọ̀pù lójú irin. Ẹni tó ń ti Mile 2 bọ̀ lè fi rélùwéè dé Marina ní ìrọ̀lẹ́ láìlàágùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ òru. Ẹ béèrè wákàtí tí èyí tó kẹ́yìn ń gbéra lọ́jọ́ náà, nítorí pé ètò òpin ọ̀sẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì ti mọ ọkọ̀ mìíràn tí ẹ ó wọ̀ padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ní Oníkán

Bí mo bá ní àlejò tí kò dé Èkó rí, apá ibí yìí ni mo máa ń mú un lọ, nítorí pé ìtàn, oúnjẹ àti orin wà nítòsí ara wọn. Ní ọ̀sán, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti John Randle Centre ní Oníkán, ibùdó àṣà àti ìtàn Yorùbá tí wọ́n kọ́ sí ibi tí odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí Dókítà John Randle ṣe fún àwọn ará Èkó wà nígbà ayé òyìnbó amúnisìn. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ẹ tó débẹ̀, torí ibi ìwòran ọ̀sán ni. Bí ẹ bá mú ọmọ ogún ọdún tí kò gbọ́ ìtàn àwọn bàbá rẹ̀ rí wọ ibẹ̀, ìbéèrè tí yóò máa béèrè lọ́wọ́ yín kò ní tán bọ̀rọ̀.

Nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀, ẹ bọ́ sí Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Herbert Macaulay wà lára àwọn tí wọ́n fi sí àhámọ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ayàwòrán ilé Theo Lawson ló ya àwòrán bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Ẹ rìn yí ibẹ̀ ká kí ẹ tó jókòó. Ìpìlẹ̀ àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n ṣì hàn nílẹ̀. Ẹ dúró sínú ọ̀kan kí ẹ na apá yín méjèèjì, ẹ ó mọ bí àyè tí èèyàn kan ń gbé ṣe há tó. Lẹ́yìn èyí ni oúnjẹ àti orin a máa ní ìtumọ̀ mìíràn lẹ́nu àti létí. Àwọn olóúnjẹ wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, orin ojú agbo sì máa ń wáyé lórí ìtàgé lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn kí ẹ tó sanwó ìwọlé.

Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Lẹ́yìn tí àwọn oníṣòwò bá ti palẹ̀ mọ́, Broad Street, Marina àti abẹ́ afárá CMS kì í ṣe ibi tí a ń rìn kiri lálẹ́. Ẹ má sọ pé ibi tí ẹ ń lọ kò jìnnà. Ẹ pe ọkọ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà nínú ọgbà, kó wá bá yín lẹ́nu géètì.

Bó bá jẹ́ tíátà lẹ fẹ́, Terra Kulture wà ní Victoria Island, èyí tí Bọ́láńlé Austen-Peters dá sílẹ̀ ní ọdún 2003. Eré orí ìtàgé, ilé oúnjẹ, ilé ìtàwé àti àwòrán wà lábẹ́ òrùlé kan. Ẹni tó bá rí Fela and the Kalakuta Queens lórí ìtàgé mọ̀ pé àwọn òṣèré wa kì í fi eré ṣeré. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ṣáájú, ẹ jẹun níbẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì ti ní alẹ́ kan tó kún láìwọ ọkọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Fún ẹni tí kò fẹ́ràn ariwo, òun ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. MUSON Centre ní Oníkán náà dára fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, pàápàá fún orin akọrin àti dùùrù.

Ọjọ́ Àìkú ní Ìkẹjà

New Afrika Shrine, ilé orin Afrobeat, wà ní Àgídìngbì. Ọdún 2000 ni àwọn ọmọ Fẹlá Kútì, olórin Afrobeat, ṣí i, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Shrine àtijọ́ tí Fẹlá fúnra rẹ̀ ti lókìkí wà ní Empire Hotel, Ìdí-Òro, ní Múṣin. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni a mọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀, Fẹ́mi Kútì, ní New Afrika Shrine, bí kò bá rìnrìn àjò. Nínú oṣù Kẹwàá, ní àsìkò ọjọ́ ìbí Fẹlá, àjọ̀dún Felabration máa ń gba odidi ọ̀sẹ̀ kan, èrò a sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá pẹ́ kò ní rí ibi ẹsẹ̀ gbé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn náà dáadáa, kó ti yà ní Kalakuta Museum ní àdúgbò Gbẹ́misọ́lá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé Fẹlá ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

Mo fẹ́ràn Shrine, mo sì fẹ́ kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ pẹ̀lú làákàyè. Igbó mímu wọ́pọ̀ níbẹ̀, òfin Nàìjíríà sì ṣì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ má gbà á, ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé e dání, ẹ má jẹ́ kí àlejò yín rò pé nítorí pé gbogbo èèyàn ń mu ún, ó ti bófin mu. Ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí ọ̀nà àbájáde. Bí ẹ bá mú ọkọ̀ wá, ẹ gbé e síbi tí iná wà, ẹ má fi báàgì tàbí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ sórí ìjókòó, àní bí aṣọ́kọ̀ bá fi gbogbo ara búra pé ojú òun wà níbẹ̀.

Ikeja City Mall tó wà ní Alausa kò jìnnà sí Àgídìngbì. Ẹ lè wo sinimá ní aago mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ jẹun, kí ẹ wá wọ Shrine. Oṣù Kejìlá ni àwọn aṣefíìmù wa ń gbé iṣẹ́ tí wọ́n fọkàn tán jáde. Oṣù yẹn ní ọdún 2023 ni A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé jáde, ó sì pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Tíkẹ́ẹ̀tì a máa tán nígbà náà, owó gbogbo nǹkan a sì gun òkè nítorí àwọn tó ti òkè òkun wá ṣọdún. Bí kì í bá ṣe dandan, ẹ fi òde ńlá yín sí oṣù Kẹta tàbí oṣù Kọkànlá. Ní oṣù Kẹfà àti Keje, ẹ wo ojú ọ̀run: ọ̀nà Lẹ́kí lè kún fún omi láàárín wákàtí kan òjò.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn ará Èkó ń gbà ṣe fàájì ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyẹn òde ìnáwó: ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, ìsìnkú àgbà. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ tó tún fẹ́ lọ sí ilé ijó, kó kọ́kọ́ yà sílé pààrọ̀ aṣọ, kó sì bọ́ góòlù sílẹ̀. Gèlè àti iyùn tó bá òde ìnáwó mu lọ́sàn-án kò bá títì òru mu. Nípa ti owó nínà, ẹ rántí pé òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 lòdì sí fífọ́n náírà àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Inú àpòòwé ni kí ẹ fi owó sí.

Ẹ jẹun kí ẹ tó mu

Ikùn òfìfo ló ń mú kí ọtí tètè gun orí. Ẹ jẹun gidi ní aago méje tàbí mẹ́jọ. Ẹni tó bá fẹ́ àmàlà tó dáa, kó lọ sí Shitta ní Sùúrùlérè kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, torí ìkòkò alámàlà kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́.

Sùúyà ni ọba oúnjẹ alẹ́. Ní Ọbáléndé, ẹ dúró níwájú Máláàmù kí ẹ sì máa wò ó. Ẹran tó ti gé pẹlẹbẹ, tó fi igi gún, á tò ó yí iná ká lórí irin, epo ẹ̀pà á máa kán sínú ẹyín iná, èéfín á máa rú. Èyí tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná láti ìrọ̀lẹ́ ni ó máa fẹ́ kọ́kọ́ nawọ́ mú. Ẹ sọ fún un pé, “Máláàmù, ẹ fi ti tútù sórí iná fún wa.” Kó sun ún títí omi pupa kò fi ní jáde mọ́ bó bá gé e, kó bu yájì sí i níwájú yín, kó rẹ́ àlùbọ́sà àti tòmátì lé e. Bí inú yín bá tètè ń bàjẹ́, ẹ ní kó yọ kábéèjì kúrò. Ẹran ti rí iná, kábéèjì kò rí i.

Máì ṣáyì tún wà fún ẹni tí ebi bá pa lẹ́yìn ijó. Ẹ ó bá a lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò pẹ̀lú bẹ́ǹṣì gígùn rẹ̀, ife ńlá méjì lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò máa da tíì láti ọ̀kan tó gbé sókè sínú èkejì tó wà nísàlẹ̀ títí yóò fi hó. Indomie àti ẹyin dídín ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gbígbóná ni gbogbo rẹ̀ ń ti orí iná bọ̀, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń dá ojú ẹni padà. Kò sí ilé oúnjẹ ńlá kan tí mo máa fi pààrọ̀ rẹ̀ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, bó bá ṣáà ti jẹ́ àdúgbò tí ẹ mọ̀.

Ní ti ọtí, ìgò tí wọ́n ṣí níwájú yín nìkan ni kí ẹ mu. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìfura lásán. Ní ọdún 2015, ògógóró tí mẹ́tánọ̀, kẹ́míkà olóró kan, wà nínú rẹ̀ pa àwọn èèyàn ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì pa àwọn mìíràn ní ìpínlẹ̀ Rivers. Mẹ́tánọ̀ kò ní òórùn tó yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń mu ún, kì í sì í tètè fara hàn. Ó lè di ọjọ́ kejì kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kí inú máa run, kí èèyàn máa bì, kí mímí sì ṣòro. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé àmupara lásán ni, tí wọ́n á lọ sùn. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá ń ṣú lẹ́yìn ọtí, ilé ìwòsàn ló kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó mu fún dókítà. Páragà ẹ̀bá ọ̀nà tí a kò mọ ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ máa fi omi sáàárín ìgò kan sí èkejì. Ẹ má fi ohun mímu afúnnilágbára po ọtí, torí ó ń jẹ́ kí ẹni tó ti yó rò pé ara òun dá. Bí ẹ bá dìde lọ sí ilé ìtọ̀, ẹ fa ife yín lé ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ wá lọ́wọ́. Bí kò bá sí ọ̀rẹ́ nítòsí, ẹ fi ife náà sílẹ̀, kí ẹ ra òmíràn. Owó ife kan kéré sí ohun tí oògùn tí wọ́n dà sínú rẹ̀ lè fà. Kí ẹni tó ń wakọ̀ mu máàtì tàbí omi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí gbogbo yín sì san owó tirẹ̀. Bí ó bá mu ìgò kan péré, ẹ pe tákísì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka bíìlì. VAT jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé oúnjẹ mìíràn sì ń fi owó iṣẹ́ kún un. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wo iye oúnjẹ, kì í ṣe nígbà tí bíìlì bá ti dórí tábìlì. Bí ẹ bá fẹ́ fún agbóúnjẹ ní nǹkan, ẹ fi lé e lọ́wọ́.

Fóònù ni báńkì yín

Olè tó bá jí fóònù lónìí, owó inú báńkì ló ń wá. Ó máa yọ síìmù rẹ̀, á fi í sínú fóònù mìíràn, á sì fi kóòdù báńkì gbówó jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tó ń dá a dúró ni PIN orí síìmù fúnra rẹ̀, èyí tó yàtọ̀ sí ti ojú fóònù. Inú ètò ààbò fóònù ni ẹ ó ti rí i. Ẹ ṣe é lọ́sàn-án, pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì mọ PIN tí ilé iṣẹ́ síìmù yín fi sílẹ̀ kí ẹ tó yí i padà, torí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta, síìmù á ti pa.

Ẹ ya àkáǹtì kékeré kan sọ́tọ̀ fún òde. Ìwọ̀n owó tí ẹ fẹ́ ná ni kó wà nínú rẹ̀, káàdì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ mú dání, kí káàdì owó oṣù wà nílé. Ẹ kọ kóòdù tí báńkì yín fi ń ti àkáǹtì sórí ìwé kékeré kan, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni méjì tí ẹ lè pè, kí ẹ fi ìwé náà sí àpò mìíràn. Ẹni tí fóònù rẹ̀ bá lọ kì í rántí nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Ẹ jẹ́ kí fóònù gba iná dáadáa, kí páwà báńkì kan sì wà láàárín yín.

Ọkọ̀ òru

Kò sí ọ̀kadà nínú òde tí mò ń sọ yìí. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin dè é ní Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Erékùṣù Èkó, Lagos Mainland àti Àpápá, wọ́n sì tún fi àwọn àgbègbè mìíràn kún un lẹ́yìn náà. Èrò tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà náà ń jẹ nínú ìyà òfin yìí. Ọkọ̀ omi náà kì í ṣe ti òru. Bí ẹ bá lọ sí etíkun Tarkwa Bay lọ́sàn-án, ẹ padà kó tó di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò omi, kí ẹ sì so ó. Bí awakọ̀ ojú omi bá ní òun lè gbé yín lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, òfin ló ń rú.

Àwọn one chance, ìyẹn olè tó ń ṣe bí ọlọ́kọ̀ èrò, ń dọdẹ ẹni tó dá dúró ní ibùdókọ̀ lóru. Ọkọ̀ náà lè jẹ́ dánfó, ó lè jẹ́ káà tó mọ́ tónítóní tí obìnrin kan jókòó sínú rẹ̀. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí ẹ kò pè. Bí ọkọ̀ tí ẹ pè bá dé, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀, ẹ wo ojú awakọ̀ mọ́ àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé, “Ta lẹ wá gbé?” Òun ni kó dárúkọ yín, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ fi ìrìn àjò náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé. Bí awakọ̀ bá ní kí ẹ fagi lé ìpè náà kí ẹ kàn sanwó fún òun lọ́wọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti fagi lé e, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ẹ wà mọ́.

Nínú hólíọ̀pù, ẹ ti fèrèsé, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Òṣòdì àti Mile 2 kì í ṣe ibi tí a ti ń na ọwọ́ síta ra gálà ní aago mọ́kànlá alẹ́.

Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, ẹ rọra dúró, ẹ tan iná inú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín hàn, ẹ kí wọn kú iṣẹ́. Ẹ fi ìwé ọkọ̀ àti láísẹ́ǹsì hàn. Àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé kò sí ọlọ́pàá tó gbọdọ̀ máa gba fóònù èèyàn yẹ̀ wò lójú títì. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má bá wọn já sí ariwo.

Ẹni tí a bá jọ lọ

Kí ẹ tó wọ ibikíbi, ẹ fẹnu kò sí ibì kan tí ẹ ó ti pàdé bí ẹ bá wá ara yín tì, ẹ sì fẹnu kò pé kò sí ẹni tí yóò bá àjèjì lọ láìsọ fún ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn. Síbẹ̀, ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má fi ọ̀rẹ́ yín obìnrin tó ti mu ọtí sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú mú yín dákẹ́ bí ọkàn yín kò bá balẹ̀. Ẹ dìde, ẹ pe ara yín, ẹ máa lọ.

Bí ẹnì kan bá fipá bá èèyàn lò, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Mirabel Centre ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LASUTH, Ìkẹjà, ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2013, tọkùnrin tobìnrin. Kó má tíì wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀, kó sì débẹ̀ kíákíá. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV ní láti bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

Bí ìbọn bá ba ẹnì kan, òfin àpapọ̀ ti ọdún 2017 sọ pé kí ilé ìwòsàn gbogbo gbà á kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, yálà ìwé ọlọ́pàá wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ rán wọn létí bí wọ́n bá ń lọ́ra. Fún ìjàǹbá ọkọ̀, iná tàbí ìkọlù ní ìpínlẹ̀ Èkó, 112 àti 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ sì ni ìpè wọn. Ẹ sọ orúkọ ibi tí ẹ wà, ẹ sọ ibùdókọ̀ tàbí ilé epo tó sún mọ́ yín, ẹ má pa fóònù títí wọn yóò fi ní kí ẹ pa á. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì sínú fóònù yín báyìí, kí ẹ sì kọ wọ́n sórí ìwé kékeré tó wà nínú àpò yín.